Alága Royston àti Àwọn Ẹja Tó Ń Kí I

Bí ẹ bá dé ìlú Skelbrow, tí ẹ ò tíì gbúròó Royston Blenkinsop kí ẹ tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ tètè yà sọ́dọ̀ dókítà kó yẹ etí yín wò. Royston ni alága Ẹgbẹ́ Apẹja Skelbrow. Ó tún ń ta kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìyẹn ò jọ ọ́ lójú. Nínú ìwé pélébé tó ń há fún àwọn oníbàárà, "Alága" ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kápẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn.

Royston ọmọ Blenkinsop! Afìlà-jìnnìjìnnì-dẹ́rù-bẹja! Ọkùnrin tó fi lẹ́tà wúrà kọ "Ọba Kaapu" sára ọkọ̀ rẹ̀, sára àga rẹ̀, sára agboòrùn rẹ̀, àti sára gbogbo àwọ̀n tó ní! Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà, ṣùgbọ́n ti Royston yàtọ̀: ó mọ̀ pé òun lágbà, ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn yòókù ò mọ̀.

Kaapu yìí ni ẹja tí wọ́n ń bá fà á ní Skelbrow. Ó sanra, ó lẹ́nu róbótó, wọn kì í sì í jẹ ẹ́. Wọ́n á jókòó sínú òtútù látàárọ̀, wọ́n á mú un, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á dá a padà sómi, wọ́n á wá lọ ra ẹja díndín jẹ láàárín ìlú. Mo ti bá wọn gbé pẹ́, mi ò bèèrè mọ́.

Ohun tó ń jẹ Royston lọ́kàn lọ́dún yìí ni Ife Wilf. Wilf Thackray ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tó sì kú, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ife fàdákà kan. Ẹni tó bá gba ife yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ife di tirẹ̀ títí láé. Royston ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, òjò lé gbogbo ayé lọ ilé, òun nìkan ló dúró lábẹ́ agboòrùn. Ti èkejì, Dilys Pugh tó máa ń lù ú bí ẹní lu bàrà kò sí nílé, ó lọ wo ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Royston ti kan àpótí onígíláàsì mọ́ ògiri pálọ̀, ó ti fa iná sínú rẹ̀. Òfìfo ni àpótí náà, iná ń tàn nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, àlejò tó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ dúró wò ó kó tó jókòó.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Royston ò mọ ẹja pa.

Ọlọ́run tó ń ṣàánú ọ̀lẹ wá fi Màmá Edna ránṣẹ́ sí i. Màmá Edna ni opó Wilf. Orúnkún ti ń dùn ún, ó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin létí òkun. Adágún kékeré kan sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tí Wilf fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, tó sin kaapu mélòó kan sí. Màmá bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n gba àwọn ẹja náà sínú adágún ńlá. Ẹgbẹ́ gbà, ìjọba fọwọ́ sí i, wọ́n sì fẹnu kò pé lọ́jọ́ Àìkú, bí ìdíje Ife Wilf bá ti parí, àwọn á dà wọ́n sómi níṣojú gbogbo èèyàn, kí Màmá lè dágbére fún wọn.

"Ta ló máa lọ kó wọn lọ́jọ́ Sátidé?" Cyril, akọ̀wé ẹgbẹ́, bèèrè.

Ọwọ́ Royston ti wà lókè. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Mo ní ọpọ́n omi ńlá nínú gáréèjì mi. Nítorí Wilf ni. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹ jàre." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ ojú kan ló ń sunkún, èkejì ń wọn ẹja.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, kò sí ẹja kankan nínú gáréèjì mọ́. Gbogbo wọn ti wà nínú àwọ̀n gígùn kan tí Royston fi okùn so mọ́ gbòǹgbò igi létí adágún, tó sì rì sábẹ́ koríko ní èèkàn kẹsàn-án, ọ̀kan nínú àwọn èèkàn tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ fún ìjókòó àwọn apẹja, níbi tí ẹ̀ka igi ti bo apẹja lójú àwọn èèyàn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí àbùkù kankan. Gbogbo ẹja ìdíje ni wọ́n ń dá padà sómi lẹ́yìn òṣùwọ̀n. Ẹja opó á wọ adágún bí opó ṣe fẹ́, ife á wọ ilé alága. Ta ló kú nínú ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká yìn ín díẹ̀ níbí, nítorí ọgbọ́n náà dára. Ìwà ló bà á jẹ́.

Láàárọ̀, wọ́n kó ara wọn jọ síwájú ahéré tí Glenys, ìyàwó Royston, ti ń ta tíì àti búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín sí. Ó kan kí oníkálukú mú nọ́ńbà èèkàn rẹ̀ nínú àpò. Alága ló máa ń kọ́kọ́ mú. Alága yìí náà ló ṣòfin ọ̀hún. Royston ki ọwọ́ bọ àpò, ó ro inú rẹ̀ bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, ó dijú, ó mí kanlẹ̀. Nọ́ńbà kẹsàn-án ti wà nínú apá kóòtù rẹ̀ láti ilé.

"Kẹsàn-án!" ó kígbe. "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́! Ó dáa, mo gba kádàrá."

Dilys Pugh mú kẹwàá. Obìnrin yìí ti wa bọ́ọ̀sì nílùú náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì mọ ojú ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. "Ẹ kú oríire, Alága," ó ní. "Ẹ tún fa apá kóòtù yín wálẹ̀, kí òtútù má baà wọlé síbi tí nọ́ńbà ti jáde."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Royston náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìlara ò ṣeni lóore.

Wọn kì í fọn fèrè ní Skelbrow. Kọ́ọ̀pù tánganran aláwọ̀ búlúù kan wà tí Wilf fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Cyril ló máa ń fi ṣíbí lù ú. Ó lù ú, ìwọ̀ á wọ omi. Ó tún lù ú, kí oníkálukú mọ̀ pé ó kù díẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ó parí nìyẹn. Cyril jáde sí etí omi, ó gbé kọ́ọ̀pù sókè.

Kéń! Kéń! Kéń!

Omi hó ní ẹsẹ̀ Royston. Àwọ̀n tó rì sábẹ́ koríko gbọ̀n, ó fò sókè, ó ń ta okùn rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó rí ìyá rẹ̀. Àyà Royston já. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀, ó dà á sómi, ó ń wúkọ́ kíkan-kíkan.

"Alága, kí ló ń hó lẹ́sẹ̀ yín?" Dilys nàgà láti èèkàn kẹwàá.

"Ẹja ni."

"Ìwọ̀ yín ò mà tíì kan omi."

"Wọ́n gbọ́ pé mo ti dé ni."

Ohun tí Royston fi yàtọ̀ sí òpùrọ́ yòókù nìyí: bó bá parọ́ fún èèyàn, òun alára ló máa ń kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Kó tó jókòó tán, ó ti dá a lójú. Àbí kí ló tún lè fà á? Àwọn ẹja náà mọ èèyàn ńlá. Wọ́n gbọ́ pé ìdíje bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dìde kí alága.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ju okùn sápá ibi tí omi ò sí, sórí koríko gbígbẹ lẹ́yìn agboòrùn. Kò fi ìjẹ sí ìwọ̀. Ṣé ẹni tó ti ní ẹja lápò ló ń wá ẹja ni? Agolo àgbàdo tó rà fún ìjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́nu. Nígbà tó yá, ó fò dìde, ó fa ọ̀pá sókè.

"Ó ti gbé e! Yéè! Ẹranko ni!"

Ó kérora, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó rìn síwá, ó rìn sẹ́yìn, ó bẹ Ọlọ́run, ó bú ẹja. Nígbà tó ṣe, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn agboòrùn, ó ki ọwọ́ bọ àwọ̀n abẹ́ koríko, ó sì gbé kaapu kan jáde sínú àwọ̀n ìdíje tí gbogbo èèyàn ń rí. Kaapu náà ò jà. Ó kàn ń lanu, ó ń pa á dé, bí ẹni tí wọ́n ṣèlérí oúnjẹ fún.

"Alága," Dilys ní, "ọ̀pá yín ò mà tẹ̀."

"Ọ̀pá ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń tẹ̀."

"Okùn yín ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri."

"Dilys, ẹnu rẹ ń dẹ́rù ba ẹja mi!"

"Ẹja yín? Ṣé ẹ ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ni?"

Royston kọ ẹ̀yìn sí i. Ó tún fò dìde. Bó ṣe ṣe títí di ọ̀sán nìyẹn, ó ń jìjàkadì pẹ̀lú afẹ́fẹ́, òógùn sì ń bò ó, nítorí pé iṣẹ́ àṣekára ni irọ́ pípa fún ẹni tó fẹ́ kó dà bí òótọ́.

Glenys gbé búrẹ́dì wá fún un. Ó wo ọ̀pá, ó wo koríko tí ìwọ̀ há sí, ó wo agolo àgbàdo. "Kí ló wà ní irùngbọ̀n rẹ?"

"Kò sí nǹkan. Jọ̀ọ́, iṣẹ́ ń lọ níbí."

Glenys mọ ọkọ rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó yí padà.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọmọbìnrin ayàwòrán kan dé láti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn. Royston ló pè é. Ó ti bá a kọ àkọlé tí wọ́n máa fi sórí àwòrán sílẹ̀: Ọba Kaapu Gba Ife Títí Láé.

"Kọ èyí náà sílẹ̀," Royston sọ fún un. "Àwọn ẹja inú adágún yìí mọ̀ mí. Bí kọ́ọ̀pù bá ti dún, wọ́n á dìde kí mi. Èmi nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún."

"Lóòótọ́, sà?"

"Dúró. Wàá fojú rẹ rí i."

Cyril lu kọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kejì. Lótìítọ́ lótìítọ́, omi hó, ìrù ń nà omi gbàà gbàà nínú àwọ̀n ìdíje. Ọmọbìnrin náà lanu. Royston wú bíi búrẹ́dì nínú ààrò. Àwọn àgbà ní ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò, ṣùgbọ́n nígbà wo ni òfòrò fetí sí àgbà?

Nígbà tí kọ́ọ̀pù fi dún lẹ́ẹ̀kẹta tí ìdíje parí, Màmá Edna ti dé. Ọmọ rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e wá. Ó di apẹ̀rẹ̀ kan mú, ó ń rọra tẹlẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà etí omi.

"Royston, ọmọ mi, ẹja mi ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

"Ara wọn le koko, Màmá! Mo ti dà wọ́n sómi láàárọ̀."

Màmá dúró. "Láìdúró dè mí?"

"Ooru ti pọ̀ jù fún wọn nínú gáréèjì, Màmá."

"Ooru? Èmi tí mo wọ súwẹ́tà méjì?"

"Ẹja ò gbóná bí èèyàn, Màmá. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni."

Màmá yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó wo adágún ńlá náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ẹja yìí nìkan ló kù tí òun àti Wilf jọ tọ́, kò sì rí wọn dágbére fún. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Royston ti ń bí mi nínú. Ẹni tó jí ẹja, à á ní olójúkòkòrò ni. Èyí tó jí ìdágbére opó ńkọ́?

Cyril gbé òṣùwọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti èèkàn kìíní. Bí wọ́n bá ti wọn ti ẹnì kan tán, olúwarẹ̀ á dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé òṣùwọ̀n. Royston ní kí wọ́n fo ti òun, kí wọ́n wọn ti Dilys ná. Ó ní ọba kì í ṣáájú. Ẹja Dilys wúwo, ó ju ti gbogbo èèyàn lọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n fi padà sí èèkàn kẹsàn-án, gbogbo ẹgbẹ́ ti pé síbẹ̀, tọmọdé tàgbà, tajá tẹran.

Royston fa àwọ̀n ìdíje wá sí etí omi. Ẹ̀yìn ẹja kún inú rẹ̀ dúdúúdú. Ó hàn gbangba pé ó ti ju ti Dilys lọ fíìfíì. Igbe "háà" ta. Cyril bẹ̀rẹ̀ láti gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ká ní Royston pa ẹnu mọ́ níbẹ̀ ni, ife ì bá ti di tirẹ̀.

"Dúró ná, Cyril!" ó ní. "Ayàwòrán fẹ́ ya àwọn ẹja mi nígbà tí wọ́n bá ń kí mi. Lu kọ́ọ̀pù."

"A kì í lù ú lẹ́ẹ̀kẹrin, Alága."

"Ta ni alága, èmi àbí ìwọ? Lù ú!"

Cyril lù ú. Kéń! Kéń! Kéń!

Gbogbo ẹja inú àwọ̀n yọ orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n la ẹnu róbótó, wọ́n pa á dé, wọ́n tún là á. Àwọn èèyàn pariwo. Royston ṣí fìlà rẹ̀, ó ń fì í sí wọn. "Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí nǹkan tí mo ń sọ?"

Ohùn kékeré kan yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Bíṣọ́ọ̀bù?"

Màmá Edna ti sún mọ́ etí omi. Ó ń wo kaapu kan tó funfun látàrí bí ẹni dé fìlà olórí ìjọ.

"Bíṣọ́ọ̀bù, kí lo ń ṣe nínú àwọ̀n? Ìwọ àti Ọ̀gá Tíṣà? Doris náà rè é!" Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ó bu búrẹ́dì. Gbogbo ẹja náà yípo, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí alága, wọ́n la ẹnu sí Màmá.

Màmá yọ kọ́ọ̀pù tánganran kan nínú apẹ̀rẹ̀, búlúù, ẹlẹ́gbẹ́ tọwọ́ Cyril gan-an. "Méjì ni Wilf rà," ó ní. "Ọ̀kan fún ẹgbẹ́, ọ̀kan fún ẹ̀yìnkùlé. Òun la fi ń pè wọ́n wá jẹun lójoojúmọ́. Mo ní kí n fi pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó máa lọ."

Dilys ló kọ́kọ́ rí ohùn sọ. "Alága, wọn ò mà kí yín o. Ebi ló ń pa wọ́n."

Ẹ̀rín bú. Royston gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ gbọ́ ná! Ẹ gbọ́ ná! Mo ti dà wọ́n sómi láàárọ̀, àbí? Ẹja inú adágún ni wọ́n. Mo wá fi ìwọ̀ mú wọn padà. Kò sófin tó ní kí n má mú wọn!"

Cyril ronú sí i. Olóòótọ́ èèyàn ni, ọ̀rọ̀ náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. "Kí lẹ fi ṣe ìjẹ?"

"Àgbàdo."

Cyril gbé agolo, ó dojú ẹ̀ délẹ̀. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó mú ìwọ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ bí egungun, ewé koríko há sí i lẹ́nu. "Ìwọ̀ yìí ò fojú kan omi lónìí. Àgbàdo ọ̀hún dà?"

"Ó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀," Glenys dáhùn láti ẹ̀yìn èrò.

Gbogbo ojú lọ sí irùngbọ̀n Royston. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, hóró kan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Royston fẹ́ nù ún, ó ti pẹ́, ayàwòrán ti yà á. Lásìkò yẹn ni omi tún ṣán gbàà lábẹ́ koríko. Dilys fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ wọ́ okùn kan jáde, ó fà á, àwọ̀n gígùn kan tẹ̀ lé e. Kaapu kékeré kan ṣì wà nínú rẹ̀ tí Royston ò tíì rí àyè "mú", òun náà ń lanu wá oúnjẹ. Lára àwọ̀n náà, lẹ́tà wúrà ń dán: ỌBA KAAPU.

"Ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ sí i, àbí àwọn ẹja ni?" Dilys bèèrè.

Royston la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀. Ó pa á dé. Ó tún là á.

Wọ́n tú àwọn ẹja náà sílẹ̀. Màmá Edna ń rìn lọ létí omi, ó ń fi ṣíbí lu kọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń ju búrẹ́dì, Bíṣọ́ọ̀bù àti ìjọ rẹ̀ sì ń wẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ, ó ní ó dìgbà. Lẹ́yìn náà ló gbé Ife Wilf fún Dilys, ó ní Wilf ì bá fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Wilf náà nígbà ayé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wọ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ti nawọ́, wọ́n sì yọ Royston nípò alága. Ẹnì kan ṣoṣo ló ta kò ó, òun fúnra rẹ̀ ni.

Royston ti lọ jókòó sẹ́yìn agboòrùn, ó ń dúró kí ayé túká kó lè sá lọ ilé. Ayé ò túká. Tíì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó ni.

Glenys rìn lọ bá Cyril, ó gba kọ́ọ̀pù àti ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró síwájú ahéré, ó kọjú sí èèkàn kẹsàn-án.

Kéń! Kéń! Kéń!

"Royston! Ó yá, wá jẹun!"

Gbogbo ẹgbẹ́ yíjú pa dà. Ó pẹ́ díẹ̀. Orí kan wá rọra yọ jáde lókè agboòrùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ róbótó. Ayàwòrán yà á, èyí sì ni wọ́n gbé sínú ìwé ìròyìn.